Nígbà tí Bàbá Mi Sá fún Ẹ̀rọ Ìtànṣán

Ọjọ́ tí tírélà gbé ẹ̀rọ ìtànṣán tuntun dé ilé ìwòsàn wa, lẹ́yìn Àgọ́-Ìwòyè, ojú ọ̀nà kún bí ẹni pé ọba ń kọjá. Àwọn ọlọ́kadà pa ọ̀kadà wọn, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ń wòran. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì na fóònù sókè. Tírélà náà kò rí ẹnu géètì wọ̀ bọ̀rọ̀. Ó lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn, títí wọ́n fi wó apá kan ògiri kí ó tó ráyè wọlé. Ọ̀gá ilé ìwòsàn pàtẹ́wọ́, gbogbo wa tí a wọ aṣọ iṣẹ́ sì bá a pa á. Èmi náà pa á, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni dókítà wa pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní èsì àyẹ̀wò bàbá mi ti dé, pé jẹjẹrẹ ni.

Iṣẹ́ mi ni kí n tẹ́ àwọn tí jẹjẹrẹ ń bá jà sórí tábìlì abẹ́ ẹ̀rọ, kí n tò wọ́n dáadáa kí ìtànṣán lè bọ́ sí ojú àrùn gẹ́lẹ́, kí ó má bọ́ sí ara tó dá ṣáṣá. Mo ti ṣe é fún ọdún púpọ̀ nílùú mìíràn kí n tó padà sí agbègbè wa. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́ tí mo fi kọ́ṣẹ́, tàdáwà la fi ń sàmì sí ara aláìsàn, àmì yẹn la sì ń tẹ̀ lé lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n awọ ara kì í sọ gbogbo ohun tí inú ń ṣe. Ènìyàn lè dùbúlẹ̀ síbi tó dùbúlẹ̀ sí lánàá, kí àmì ara rẹ̀ wà lójú kan, kí ohun tó wà nínú sì ti sún. Ìtọ̀ tí ènìyàn kò tíì tọ̀, afẹ́fẹ́ inú ìfun, oúnjẹ àárọ̀, gbogbo wọn ló ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn. Ẹ̀rọ tuntun yìí ní apá tó ń yí po aláìsàn, tó ń ya àwòrán inú rẹ̀ kí ìtànṣán tó jáde. A ó gbé àwòrán òní lé èyí tí a yà lọ́jọ́ tí a ń ṣètò ìtọ́jú. Bí wọn kò bá bára mu, tábìlì yóò rọra sún títí wọn yóò fi bára mu. Ohun tí a ti ń gbàdúrà fún nìyẹn láti ọdún pípẹ́. Nígbà tó wá dé, ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń rí lórí tábìlì rẹ̀.

Bàbá mi jẹ́ ọmọ Ojòwò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n Ìwopin ló fi ṣe ilé. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ pépà ló gbé e dé etí omi nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, òun ló ń bójú tó àwọn páǹpù tó ń fa omi. Nígbà tí iṣẹ́ dákẹ́ níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹrù wọn, wọ́n padà sí ìlú wọn. Òun ra ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, ó kọ́ àwọ̀n dídà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, ó sì dúró. Ìyá mi kò lè bá a gbé etí omi, ẹ̀fọn kò jẹ́ kó gbádùn. Ó padà sí Ojòwò, ó ń ta ìkòkò àti abọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti ń bẹ ara wọn wò bí ẹni tí kò tíì gbé ara wọn níyàwó, wọn kò sì jà.

Bàbá mi kì í jókòó. Bí ó bá ń jẹun, ó lè dìde lẹ́ẹ̀mẹta kí abọ́ tó mọ́. Ìyá mi ní lára rẹ̀ ni mo ti jogún ẹsẹ̀ tí kì í sinmi. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó fura nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lemọ́lemọ́ láti lọ tọ̀. Àsìkò àwẹ̀ ni ìyá mi tó rí i, nígbà tí bàbá mi wá sí Ojòwò, tí kò lè parí ìrun kan tán kí ó tó sáré jáde kúrò lórí ìlà. Ìyá mi pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Wá mú bàbá rẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ní òtútù ni. Òtútù wo ló wà nínú oòrùn yìí?"

Ibi tí àrùn náà wà ni ẹ̀yà kékeré kan tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Èmi fúnra mi ni mo lọ sọ fún un. Ó wà nínú yàrá ìyá mi ní Ojòwò, ó ń rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, "Jẹjẹrẹ ni, Bàbá."

Ó dúró. "Èyí tó ń pa ènìyàn?"

"A tètè rí i. Ìtọ́jú wà."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ìyẹn."

"Ó ń pa ènìyàn, Bàbá. Ṣùgbọ́n a tètè rí i."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìyá mi tó jókòó sórí ẹní gbójú sókè. "Bàbá wọn, bí ẹ bá rìn títí ilẹ̀ fi jìn, kò ní jábọ́ lára yín. Ẹ jókòó kí ọmọ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ó jókòó. Mo ṣàlàyé bí dókítà ti ṣàlàyé fún mi: abẹ́rẹ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ máa gún un, tí yóò mú kí àrùn náà rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìtànṣán. Ẹ̀rọ tuntun náà ni wọn yóò lò bó bá ti ṣe tán. Ó béèrè ìgbà tí yóò ṣe tán. Mo ní kò ní pẹ́.

Ó pẹ́. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe fíríìjì tí ènìyàn ń já páálí rẹ̀, tó sì ń kì bọ iná. Àwọn ẹnjiníà tò ó, wọ́n tú u, wọ́n tún un tò. Iná já, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n dúró de òmíràn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún bàbá mi ń ṣiṣẹ́, dókítà sì ń sọ fún mi pé àkókò wà, pé kò séwu. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Mo máa ń sọ irú rẹ̀ gan-an fún ọmọ àwọn aláìsàn mìíràn. Síbẹ̀, bí mo bá délé ní ọ̀sán, n kò lè dúró sójú kan. N ó gbálẹ̀ tí mo ti gbá. N ó lọ ra tòmátì ní ìsọ̀ iwájú ilé, n ó délé, n ó rí i pé tòmátì wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a jọ ń gbé kọ́ńpáùndì bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi pé, "Àǹtí, ẹ kú ìrìn o."

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni onímọ̀ físíìsì tiwa, ọmọ Èkìtì kan tí ohùn rẹ̀ kéré. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wọn ìtànṣán kí ẹnikẹ́ni tó dé abẹ́ rẹ̀. Ó ní àpótí ike kan tí bọ́ọ̀lù irin kékeré wà láàárín rẹ̀. Yóò gbé e sórí tábìlì, yóò ní kí ẹ̀rọ ya àwòrán bọ́ọ̀lù náà, yóò wá tan ìtànṣán sí i, yóò wò ó bóyá ibi tí àwòrán ní bọ́ọ̀lù wà ni ìtànṣán bọ́ sí lóòótọ́. Àràárọ̀ ni mò ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń mirí.

Ìròyìn wá dé pé àwọn èèyàn ńláńlá ń bọ̀ wá ṣí ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá ilé ìwòsàn fẹ́ kí aláìsàn kan ti wà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó dé, kí a lè sọ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé aláìsàn náà dé, bàbá mi ni. Mo ní kí ó wá láti Ojòwò. Mo fi í sórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì, mo lọ bá ọmọ Èkìtì náà ní kọ́rídọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló kù?"

"Ó ń yà."

"Ó ń yà báwo?"

"Ibi tí àwòrán ń sọ kọ́ ni ìtànṣán ń bọ́ sí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju orí ìṣáná lọ, ṣùgbọ́n ó wà. Mi ò lè fi ènìyàn kankan sórí ẹ̀rọ yìí báyìí."

"Orí ìṣáná! Tàdáwà lásán la fi ń ṣe é lórí ẹ̀rọ àtijọ́, àwọn èèyàn sì ń yè."

"Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ẹ mọ̀ pé ẹ ò ríran, ẹ sì ń fi àyè sílẹ̀ nítorí ìyẹn. Èyí ń sọ fún yín pé ẹ ń ríran. Tó bá wá purọ́ ńkọ́?"

Ohùn mi ti lọ sókè. Mo ní, "Bàbá mi ni mò ń sọ̀rọ̀ lé lórí!"

Ó wò mí. Ó ní, "Mo mọ̀," ó sì wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo yíjú, kò sí ẹnì kankan lórí bẹ́ǹṣì. Ike omi bàbá mi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo rò pé ó lọ ṣe àlùwàlá. Mo yẹ mọ́ṣáláṣí wò, mo yẹ ilé ìtọ̀ wò. Ọlọ́kadà kan lẹ́nu géètì ló sọ fún mi pé òun ti gbé bàbá kan tó wọ fìlà funfun lọ sí gáréèjì, pé bàbá náà ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Mo pe fóònù rẹ̀, ó ti pa á.

Mo dé Ojòwò, mo bá ìyá mi láàárín ìkòkò rẹ̀. Kò yà á lẹ́nu.

"Ó ti pè mí kó tó pa fóònù. Ó ní òun ń lọ ulé."

Bí bàbá mi bá ń bá dókítà sọ̀rọ̀, Yorùbá tó dán ni yóò máa sọ, bí ẹni tó ń ka ìwé. Ọjọ́ tó bá ti pe ilé ní ulé, inú ń bí i nìyẹn. Ìyá mi kó ìkòkò wọlé, ó tilẹ̀kùn ìsọ̀, ó gbé ìborùn rẹ̀. Ó ní, "Kí ni o sọ tó gbọ́?" Mo sọ fún un. Ó mí kanlẹ̀, kò dá mi lẹ́bi, kò sì dá mi láre.

Ọkọ̀ Ìwopin tí a wọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde dúró títí ó fi kún, ó tún dúró ra epo, ó dúró de obìnrin kan tó lọ ra búrẹ́dì. Ìyá mi sùn. Èmi ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ ọkọ̀ títí bàbá kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi fi ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ yín, ó ti ń wọ̀ mí lórí." Mo tọrọ gáfárà. Nígbà tí a ó fi kọjá Ìbíadé, mo tún ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ń ro ohun tí n ó sọ. Bí mo bá sọ fún un pé ẹ̀rọ náà kò yà, irọ́ ni. Bí mo bá sọ pé ó yà ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, ta ló ń fẹ́ kí nǹkan yà díẹ̀ lára òun?

A bá a létí omi. Ó ti wọ ṣòkòtò iṣẹ́, ó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ewé ojú omi bo etíkun, ó tẹ́ lọ títí, àfi ọ̀nà tóóró tí àwọn ọlọ́kọ̀ là sínú rẹ̀. Kò wo ojú wa.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Ẹ̀rọ tó ń yà ni ìwọ, ọmọ tí mo bí, fẹ́ tẹ́ mi sí abẹ́ rẹ̀."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Mo gbọ́ àlàyé. Etí mi kò tíì di. Ọkùnrin yẹn ní ó ń yà, ìwọ ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ìyá mi wá ibi tó gbẹ lórí pákó, ó jókòó. Omi ń ta pọ́n-ún láti inú agolo tí bàbá mi fi ń gbọ́n ọn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù inú ike fún un, bí ọmọ Èkìtì náà ṣe ń gbé e sórí tábìlì láràárọ̀, bí ó ṣe ń mirí, bí ọ̀gá wa ṣe ń bínú sí i, bí èmi náà ṣe ń bínú sí i. Mo sọ pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ní bí mo bá rí i tó ń rìn kiri, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé àrùn náà ń rìn nínú rẹ̀, pé mo kàn fẹ́ kí nǹkan kan ti bẹ̀rẹ̀.

Ó dáwọ́ omi gbígbọ́n dúró. "Ọ̀gá yín bínú sí i, kò sì gbà?"

"Kò gbà."

"Ìwọ náà pariwo mọ́ ọn, kò gbà?"

"Kò gbà, Bàbá."

"Ṣé òun náà ni yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe tèmi?"

"Òun ni."

Ó tún gbọ́n omi díẹ̀. "Ó dáa. Ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn bá ní kí n wá ni kí o pè mí. Kì í ṣe ọjọ́ tí ìwọ bá ní kí n wá."

Ó dùn mí. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ẹja wà nínú ilé, nítorí ebi ń pa òun.

Àwọn èèyàn ńlá wá lóòótọ́. Wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò níwájú ẹ̀rọ tí kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀. Ọ̀gá wa kò bá onímọ̀ físíìsì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ẹnjiníà padà wá, wọ́n tún apá tó ń ya àwòrán tò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà ní ilé oúnjẹ, mo ń fi ṣíbí ro ìrẹsì mi láìjẹ ẹ́, ni ọmọ Èkìtì náà wá dúró tì mí. Ó ní, "Ẹ pe bàbá yín," ó sì lọ ra mínírà.

Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, dókítà fi wúrà wẹ́wẹ́, tí kò tó hóró ìrẹsì, sínú ẹ̀yà ara tí àrùn náà wà, kí ojú àwòrán lè máa rí ibẹ̀ kedere. Bàbá mi rò pé mò ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé òótọ́ ni, ó sọ fún ìyá mi pé òun ti di olówó láti inú wá. Ìyá mi ní kí ó má sọ ọ́ jáde ní gáréèjì.

Ó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Àgọ́-Ìwòyè, ìyá mi náà sì wá. Ẹni tó bá jẹ́ ẹbí aláìsàn kì í tọ́jú rẹ̀ ní ẹ̀ka wa. Èmi tí mo ń tẹ́ gbogbo ayé sórí tábìlì, bẹ́ǹṣì ni mo jókòó sí, pẹ̀lú ìyá mi tó ń ka tẹ̀súbáà. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ bí bẹ́ǹṣì yẹn ṣe le tó. Iná pupa tó wà lókè ilẹ̀kùn ni yóò tàn nígbà tí ìtànṣán bá ń ṣiṣẹ́. Mo tẹ ojú mọ́ ọn. Kò tàn. Ilẹ̀kùn ṣí, bàbá mi jáde, ó ń so okùn ṣòkòtò rẹ̀.

Ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé e. Ó ní, "Àwòrán kò bára mu. Àpò ìtọ̀ wọn kò kún tó ti ọjọ́ ètò. Ẹ ní kí wọ́n mu omi sí i, kí a tún gbìyànjú lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Iná pupa kò tàn. Mo ti dìde kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Mo fa bàbá mi lọ sẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀, níbi tí ariwo kò ti ní jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ wa.

"Bàbá, ṣé ẹ ń mu omi yẹn tán?"

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ìdajì ni mò ń mu."

"Kí ló dé?"

"Ìtọ̀ kì í dúró fún mi mọ́. Bí mo bá mu ún tán, tí wọ́n sì tẹ́ mi síbẹ̀, yóò jáde. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yóò máa sọ ọ́ pé bàbá rẹ ló tọ̀ sórí ẹ̀rọ tuntun."

Mo ní ojoojúmọ́ la ń nu tábìlì yẹn, pé kò sí ohun tí a kò tíì nù rí lórí tábìlì.

Bàbá mi ní, "Kì í ṣe bàbá àwọn tó ń nù ún ló tọ̀ ọ́ sí i."

N kò mọ̀ pé ìyá mi ti tẹ̀ lé wa. Ó gbé ohùn sókè ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ. "Bàbá wọn, nígbà tí mo ń rọbí ọmọ yìí, nọ́ọ̀sì tí mi ò rí rí ló ń kígbe lé mi lórí, tí gbogbo ìhòòhò mi wà níta. Ta ló bá mi tijú? Ọmọ náà rèé. Ṣé òun lẹ wá ń tijú fún báyìí?"

Bàbá mi ṣe bí ẹni fẹ́ bínú, ó wá rẹ́rìn-ín, ó sì nu ojú.

Mo lọ sọ fún dókítà. Obìnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀ ni. Ó ronú, ó ní kò sídìí láti fi omi dá bàbá lóró. Ó ní kì í ṣe bí omi ṣe pọ̀ tó ni a ń wá, bí kò ṣe kí òní jọ àná. Kí wọ́n tún ètò náà ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n omi tí bàbá lè gbé láìní ìnira, kí ó sì máa mu ìwọ̀n yẹn lójoojúmọ́. Ètò mìíràn túmọ̀ sí àwòrán mìíràn àti ìdúró mìíràn. Bàbá mi kò jókòó ti ìdúró yẹn, ó wá iṣẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀. Páǹpù kànga kọ́ńpáùndì wa ti ń ké bí ewúrẹ́ tipẹ́. Ó tú u palẹ̀, ó ń nù ún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń mú nọ́ọ̀tì fún un, ó sì ń bá wọn wí pé wọn kò mọ bí a ti ń fi gíríìsì sí nǹkan.

Ní òwúrọ̀ tí wọ́n tún pè é, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo dìde, mo jókòó. Iná pupa tàn. Mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí jẹ. Ìyá mi gbá mi lápá, ó ní, "Àbí kì í ṣe èyí lo ń wá?" Nígbà tí iná kú, ọmọbìnrin náà yọrí jáde. Ó ní bí bàbá bá gbà, kí n wá wo nǹkan. Bàbá mi láti inú lọ́hùn-ún ní, "Ẹ jẹ́ kó wò ó. Ibẹ̀ ló ti wá."

Àwòrán méjèèjì wà lójú ẹ̀rọ, ọ̀kan lórí èkejì. Mo ti wo irú rẹ̀ ní ibi ìkẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ti bàbá mi nìyí: egungun ìbàdí rẹ̀, àpò ìtọ̀ tó ń dójú tì í, àwọn wúrà wẹ́wẹ́ náà tó dúró síbi tí wọ́n wà lọ́jọ́ ètò. Wọn kò yẹ̀. Onímọ̀ físíìsì dúró lẹ́yìn mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n má tíì dúpẹ́, ó ku ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló kù lóòótọ́, wọn kò sì rí bákan náà. Lọ́jọ́ kan, iná já nígbà tó wà lórí tábìlì, ó wà nínú òkùnkùn díẹ̀ kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e, wọ́n sì ní láti ya àwòrán mìíràn kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Lọ́jọ́ mìíràn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti gbogbo nǹkan sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n ní kí ó lọ rìn. Èyí kò ṣòro fún un. Ó rìn dé géètì, ó bá àwọn ọlọ́kadà sọ̀rọ̀ òṣèlú, ó padà wá. Nígbà tó yá, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ata, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó lè jókòó sójú kan láti ìgbà ìrun Súùrì ọ̀sán títí di ìrun Àsárì ìrọ̀lẹ́. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù. Mo máa ń lọ ràgà bò ó pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ̀kọ, ọsàn, títí ó fi ní, "Fi mí sílẹ̀ kí n sinmi. O kò tíì rí mi níbi tí mo ti ń sinmi rí ni?"

Lóòótọ́, n kò tíì rí i.

Ọjọ́ tó parí, ó béèrè pé, "Ó tán?" Wọ́n ní ó tán. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ọmọ Èkìtì náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ kò gbà fún ọmọ mi." Èmi wà níbẹ̀. Onímọ̀ físíìsì wò mí, ó wo ilẹ̀, àwa méjèèjì kò mọ ohun tí a ó fi ojú wa ṣe.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà sọ pé àrùn náà ti lọ sílẹ̀ gan-an. Dókítà ní òun kò ní lo ọ̀rọ̀ náà "ti lọ" fún bàbá mi báyìí, pé kí ó máa wá fún àyẹ̀wò láti ìgbà dé ìgbà. Ìyá mi ní Alhamdulillahi, ó padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Bàbá mi padà sí etí omi. Wọ́n ní kí ó má tíì wa ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó gbà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ẹnì kan pè mí láti Ìwopin, ó ní òun rí i láàárín omi.

Ó wá fún àyẹ̀wò láìpẹ́ yìí. Èsì dára. Mo sìn ín lọ sí gáréèjì, mo fẹ́ kí ó sùn di ọjọ́ kejì, ó ní rárá, àwọ̀n wà nínú omi. Ó wọ ọkọ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń bá awakọ̀ wí pé kí ó jẹ́ ká máa lọ. Mo dúró títí ọkọ̀ fi kúrò. Lẹ́yìn náà ni mo wo aago, mo sáré wá ọ̀kadà, nítorí aláìsàn kan, obìnrin láti Òrù, wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ti mu omi rẹ̀ tán, ó ń dúró dè mí.